Oyún Tó Ń Wálẹ̀ Lára Ẹran Ọ̀sìn: Àwọn Àrùn Tó Ń Fà Á àti Ohun Tó Yẹ ní Ṣíṣe

Bí ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ bá lóyún, tí oyún náà sì wálẹ̀ kí ọjọ́ ìbí tó pé, tàbí tí ẹran náà bí òkú ọmọ, tàbí tí ó bí ọmọ aláìlágbára tó kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀kan náà ni àwọn dókítà ẹran ka gbogbo rẹ̀ sí: àdánù oyún ni. Oyún ewúrẹ́ àti ti àgùntàn ń gba nǹkan bí 150 ọjọ́. Ti màlúù ń gba nǹkan bí 280 ọjọ́. Ti ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 114 ọjọ́, ìyẹn oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń sìn ín ti máa ń kà á. Ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ tí akọ gun abo sílẹ̀ ni yóò lè sọ ní pàtó bóyá ọmọ tó jáde tọ́jọ́ tàbí kò tọ́jọ́. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ yóò kàn máa méfò ni.

A mọ̀ pé ní ìpínlẹ̀ wa, ẹran tí a ń sìn kì í ṣe ẹran lásán. Ewúrẹ́ méjì tó wà lẹ́yìnkùlé ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, òun náà sì ni owó tí wọn yóò fi gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn a máa fi abo ewúrẹ́ fún ìbátan tàbí aládùúgbò sìn, pé bí ó bá bímọ, kí àwọn méjèèjì pín àwọn ọmọ náà. Nígbà tí oyún irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá wálẹ̀, ilé méjì ló pàdánù, kì í sì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ẹ̀sùn. Ẹni tó ni ẹran á ní wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń sìn ín á ní ẹnìkan ló na ẹran náà, tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ló wà nídìí ọ̀ràn náà.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí dì mú ni èyí: ohun tí a bá fi oyún tó wálẹ̀ ṣe láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, àti ohun tí a bá fi ìyá rẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀lé e, ló máa ń sọ bóyá àdánù náà yóò mọ sórí ẹran kan tàbí yóò ran gbogbo agbo, àti bóyá ènìyàn yóò fara gbá nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àrùn ń fà

Òótọ́ ni pé ẹran tó lóyún lè kàgbákò. Màlúù mìíràn lè kàn án, ó lè ṣubú sínú kòtò, ọkọ̀ tó gbé e láti òkè Ọya lè gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, oúnjẹ sì lè má tó o ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu lè ṣe jàǹbá fún oyún. Àwọn oògùn aràn kan wà pẹ̀lú tí kò yẹ kí a fún ẹran ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú lásán kò lè fi oyún tí ìjàǹbá mú wálẹ̀ hàn yàtọ̀ sí èyí tí àrùn mú wálẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a ka gbogbo oyún tó bá wálẹ̀ sí ti àrùn títí dókítà ẹran yóò fi sọ ohun mìíràn. Bí oyún méjì bá wálẹ̀ nínú agbo kan náà láàárín oṣù kan, kò tún sí àyè fún iyèméjì mọ́.

Àrùn brucellosis

Àrùn tí a ó gbé yẹ̀ wò jù nínú àlàyé yìí ni brucellosis, nítorí pé ó lè gbé inú agbo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ara hàn, ó sì ń ran ènìyàn. Bakitéríà tó ń jẹ́ Brucella ló ń fà á. Ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lára màlúù ni Brucella abortus. Brucella melitensis ni ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. Brucella suis sì ni ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1887, ní erékùṣù Malta, David Bruce tó jẹ́ dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí kòkòrò kan nínú òkú àwọn ọmọ ogun tí ibà pa. Ibi tí ibà náà ti ń wá kò yé ẹnikẹ́ni. Ọdún 1905 ni Themistocles Zammit, tó jẹ́ ọmọ Malta, tó fi hàn pé lára ewúrẹ́ ló wà, àní ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú ẹni tó ń wò ó, àti pé nínú wàrà rẹ̀ ni ènìyàn ti ń kó o. Nígbà tí wọ́n dá wàrà ewúrẹ́ dúró fún àwọn ọmọ ogun náà ní 1906, ibà náà lọ sílẹ̀ gan-an láàárín wọn. Láàárín àkókò náà, ní 1897, Bernhard Bang ní orílẹ̀-èdè Denmark ti rí kòkòrò kan nínú oyún tó wálẹ̀ lára màlúù. Kò sí ẹni tó rò pé ìbátan ni ti ìhín àti ti ọ̀hún, títí di 1918 tí Alice Evans, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ọ̀nà tó ń gbà tàn nínú agbo kò ṣòro láti lóye. Bí oyún bá wálẹ̀, ọmọ náà, ibi ọmọ àti omira rẹ̀ kún fún kòkòrò yìí lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn màlúù yòókù a máa lọ gbóòórùn rẹ̀, wọn a lá a, wọn a sì jẹ koríko tí omira ti rin. Níbi tí òjìji bá bò tí ilẹ̀ sì tutù, kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n oòrùn gangan kì í jẹ́ kó pẹ́.

Màlúù tó bá kó àrùn yìí sábà máa ń sọ oyún nù láti oṣù karùn-ún lọ sókè. Ibi ọmọ lè há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀tàn àrùn náà ti wá ń bẹ̀rẹ̀: oyún kejì àti ẹ̀kẹta lè pé oṣù, ẹran náà lè bí ọmọ tó yè, kí ẹni tó ni ín sì rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá bímọ, àti nínú wàrà ọmú rẹ̀, ó lè máa tú kòkòrò jáde fún àwọn tó kù. Akọ tó bá ní in, kórópọ̀n rẹ̀ lè wú, ó sì lè má lè fún abo lóyún mọ́. Nínú agbo tí àrùn náà ti pẹ́, ẹ lè rí màlúù tí orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wú, tí omi sì kún inú ìwú náà. Darandaran tó mọṣẹ́ kì í fojú fo irú àmì bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àrùn náà.

Nínú ènìyàn, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, pẹ̀lú òógùn òru, àárẹ̀, ẹ̀yìn ríro àti oríkèé ara dídùn. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí a máa ń fún irú ibà bẹ́ẹ̀ níhìn-ín: ibà ẹ̀fọn tàbí táífọ́ọ̀dù. Aláìsàn a lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ara rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀, ibà á tún padà. Oògùn brucellosis wà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni a sábà máa ń lò pọ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, lábẹ́ àbójútó dókítà. Nítorí náà, alápatà, darandaran, ẹni tó ń fún wàrà, àti ẹni tó ń gbẹ̀bí ẹran, bí ibà bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà yín. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò dájú pé yóò bèèrè.

Wàrà, nọ́nọ̀ àti odò ẹran

Àwọn ènìyàn a máa bèèrè bóyá wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wá sí ọjà léwu. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Wàrà tí a fi ewé bọmubọmu mú dì, orí iná ni wọ́n ti ń ṣe é. Wàrà ọmú náà ń hó kó tó dì, iná sì ń pa kòkòrò Brucella. Bí a bá tún din ín, ó tún dára sí i. Ewu tó kù níbẹ̀ ni ti ọwọ́ àti omi tí kò mọ́ lẹ́yìn tí a ti sè é tán. Wàrà ọmú tútù tí kò rí iná rí ló yàtọ̀. Nọ́nọ̀ tí a fi wàrà tútù ṣe wà lábẹ́ ìkìlọ̀ kan náà, nítorí pé kíkan tó kan kò tó ohun tí a lè gbọ́kàn lé pé kòkòrò náà ti kú. Ẹ jẹ́ kí wàrà hó dáadáa kí ẹ tó mu ún tàbí kí ẹ tó fi ṣe nọ́nọ̀. Èyí kì í ṣe ìpẹ̀gàn fún àwọn tó ń tà á. Òwò tó ní ọlá ni, àwọn àti ọmọ wọn ló sì kọ́kọ́ ń mu wàrà náà.

Ní odò ẹran, ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ìgbà tí a bá la inú abo màlúù tó lóyún. Ilé ọmọ, omira àti ọmọ inú rẹ̀ a máa dà lé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ alápatà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kòkòrò Brucella lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó lè gba ojú àti imú wọlé pẹ̀lú. Ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti aṣọ rọ́bà ìbora kì í ṣe fún àfihàn. Bí a bá tilẹ̀ fi ti àrùn sílẹ̀, abo tó lóyún kò yẹ lẹ́ni tí à ń pa. Ẹni tó pa á ti pa màlúù méjì, ó sì gba owó ẹyọ kan.

Kátà, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn

Àrùn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí kátà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PPR, ni ọ̀tá àwọn ewúrẹ́ wa kéékèèké tí ń rìn káàkiri àdúgbò. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀, ní 1942. Ara ẹran á gbóná, ojú àti imú rẹ̀ á máa ṣomi títí omi náà yóò fi ki, egbò á yọ sí ẹnu rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa mí gúlegúle. Nínú agbo tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, ó lè pa èyí tó ju ìdajì lọ. Èyí tó bá lóyún nínú wọn a máa sọ oyún nù, nígbà mìíràn kí ẹni tó ni ín tó fura pé ara rẹ̀ kò yá.

Ohun ìwúrí kan wà nínú ọ̀rọ̀ kátà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò lónìí láti dènà rẹ̀, láti ara kòkòrò tí a rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe é. Nigeria 75/1 ni orúkọ tó ń jẹ́ káàkiri àgbáyé. Ó ń dáàbò bo ẹran fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Àjọ FAO àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹran ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí kátà di ohun ìgbàgbé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kéde ní 2011 pé rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn tó ti ń run màlúù láti ayébáyé, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kátà kì í ran ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá òkú ọmọ ewúrẹ́ nílẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá kátà ló pa á tàbí àrùn mìíràn tó ń ran ènìyàn, nítorí náà ìṣọ́ra kan náà ni.

Ibà Q, èyí tí atẹ́gùn ń gbé

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ oyún ẹran kò kan òun nítorí pé òun kò sin ẹran, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Láti 2007 sí 2010, oyún ń wálẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ fún wàrà ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Kòkòrò Coxiella burnetii ló fà á. Kòkòrò yìí le kókó: ó lè wà nínú eruku gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́, atẹ́gùn sì lè gbé e lọ sí ibi tó jìnnà. Nínú gíráàmù kan péré lára ibi ọmọ ewúrẹ́ tó ní in, kòkòrò tó wà níbẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan. Iye ènìyàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kó ibà náà ju 4,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fọwọ́ kan ewúrẹ́ rí; wọ́n kàn ń gbé nítòsí ni. Ní ìparí 2009, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ kí a pa àwọn ẹran tó lóyún nínú àwọn ọgbà tí àrùn ti wọ̀, èyí tó ju 50,000 lọ, wọ́n sì sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára di dandan.

Àwọn ewúrẹ́ wa kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan, èyí sì dín ewu náà kù. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ tí a ń fi gbá ibi tí ewúrẹ́ bímọ sí nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, pàápàá nínú ọ̀yẹ́, eruku rẹ̀ kì í ṣe eruku lásán. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó gbá a.

Àwọn mìíràn tó yẹ ní mímọ̀

Toxoplasma máa ń wá láti inú ìgbẹ́ ológbò, pàápàá ọmọ ológbò, tó bá dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ tàbí omi ẹran. Ó ń ba oyún ewúrẹ́ àti àgùntàn jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú ènìyàn ní jàǹbá. Ìtọ̀ eku ló sábà máa ń gbé leptospirosis wọ inú omi tí ẹran ń mu. Eṣinṣin tsetse ń tan kòkòrò tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹran gbẹ, tó ń sọ ọ́ di egungun, tó sì ń mú kó sọ oyún nù. Àwọn ẹ̀yà màlúù bíi Muturu àti N'Dama fara dà á ju àwọn màlúù oníkẹ̀ẹ́ tó ń ti àríwá wá lọ. Àrùn méjì kan wà tí akọ màlúù ń kó ran abo nígbà gígùn. Oyún á bàjẹ́ ní kékeré, kò ní sí ohun tí ojú rí, abo á kàn tún máa wá akọ. Bí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú agbo, akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá akọ tí a yá.

Fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀: àrùn parvovirus ń mú kí ọmọ gbẹ sínú ìyá, kí iye ọmọ tí a bí sì kéré, pàápàá lára abo tó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tó wọ ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lágbára ní 1997, ń mú oyún wálẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ikú tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nígbà náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí oyún. Kò ní oògùn.

Ní Kenya, láti 1930 sí 1931, wọ́n rí àrùn kan tí ẹ̀fọn ń tàn, tí a fi orúkọ Àfonífojì Rift pè, tó máa ń mú kí oyún agbo àgùntàn wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ó ń ran ènìyàn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní agbo yín, wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ pe ìjọba.

Bí ẹ bá bá oyún nílẹ̀ ní òwúrọ̀

Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló dára jù. Bí kò bá sí, ọ̀rá tó nípọn méjì lórí ara wọn sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Ẹ bo imú àti ẹnu yín. Ẹ lé ajá, ológbò, adìẹ àti ọmọdé kúrò níbẹ̀. Àṣà kí a ju ibi ọmọ sí ajá ti pẹ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n ajá tó gbé e lọ sí oko ẹlòmíràn ti gbé àrùn lọ síbẹ̀.

Ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó sin ohunkóhun. Ọ́fíìsì ìtọ́jú ẹran wà lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bèèrè níbẹ̀. Bí dókítà yóò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọ̀rá méjì di ọmọ náà àti ibi rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, kúlà tí a kò ní fi gbé oúnjẹ mọ́. Ibi ọmọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tọ́jú ọmọ, wọn a sì sọ ibi rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ lára ibi náà ni a ti sábà máa ń rí ìdáhùn. Bí kò bá sí ẹni tó lè wá, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, níbi tó jìnnà sí kànga àti odò, kí ẹ sin ín, kí ẹ sì kó ẹ̀gún àti òkúta lé e lórí kí ajá má baà hú u. Ẹ fi iná sun koríko tí ẹran náà dùbúlẹ̀ lé. Ẹ ha ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ sì da oògùn apakòkòrò sí i. Ẹ wá fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ọwọ́ àti apá yín, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ so ìyá rẹ̀ sí ibi ọ̀tọ̀, pẹ̀lú igbá omi tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn tó kù ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, òun ni kí ó kẹ́yìn. Kí ó wà níbẹ̀ títí ohun tó ń jáde lójú ara rẹ̀ yóò fi dá pátápátá, tí èsì àyẹ̀wò yóò sì jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. A kò ṣàìmọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe: ẹran tó bá ti sọ oyún nù, wọn a mú un lọ sí ọjà kí ó tó tún ná wọn lówó. Ìrònú náà yé wa, nítorí owó ni, ebi sì lè wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á yóò fi sínú agbo rẹ̀, oyún agbo náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, òun náà yóò kó tirẹ̀ lọ sí ọjà. Ní ọjà bíi ti Akínyẹlé, níbi tí ẹran láti ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti ń pàdé, kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn màlúù tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ta ẹran aláìsàn lónìí ni yóò sì tún padà wá ra òmíràn níbẹ̀, láàárín àwọn tí ẹlòmíràn tà nítorí ìdí kan náà. Bí dókítà bá ní kí a mú ẹran náà kúrò nínú agbo, ọ̀nà rẹ̀ ni odò ẹran tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ẹ sì sọ fún aṣàyẹ̀wò ẹran àti alápatà ohun tó ṣe é kí wọ́n lè múra. Ẹran tó yege lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò, tí a sì sè jinná, kò ní fi brucellosis ran ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó ń pa á ni ewu wà fún.

Àyẹ̀wò, oògùn àti abẹ́rẹ́

Àyẹ̀wò Rose Bengal fún brucellosis kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: a ó po omi tó yọ lójú ẹ̀jẹ̀ ẹran mọ́ oògùn aláwọ̀ kan, bí ó bá dì wóróworó, a ó fura sí i, a ó sì fi àyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí fún wa, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, sì ń ṣe àyẹ̀wò, ó sì ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹran tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ lè yege àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, kí ó má sì yege lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí dókítà bá ní òun yóò padà wá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe pé ó ń wá owó.

A kì í fi oògùn wo brucellosis lára màlúù. Kòkòrò náà ń sá pamọ́ sínú ara níbi tí oògùn kì í ti í ká a tán, nítorí náà owó abẹ́rẹ́ tí a ń rà lọ́jà láti fi gún un ṣòfò ni, oògùn náà a sì máa kù sínú wàrà tí ènìyàn ń mu. Àrùn mìíràn tó ń ba oyún jẹ́ wà tó ń gbọ́ oògùn bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ S19 ni a máa ń fún ọ̀dọ́ abo màlúù láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, Rev.1 wà fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Kòkòrò ààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú méjèèjì. Bí a bá fún ẹran tó ti lóyún, ó lè mú oyún náà wálẹ̀, bí abẹ́rẹ́ náà bá sì gún ẹni tó ń fún un, ó lè kó ibà náà. Dókítà ẹran nìkan ni kó fún wọn. Abẹ́rẹ́ kátà kò léwu bẹ́ẹ̀, ọmọ ewúrẹ́ sì lè gbà á láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n oòrùn ń bà á jẹ́. Ẹ má ra èyí tí ẹnìkan gbé kiri láìsí yìnyín.

Ẹran tuntun tó bá wọlé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kó tó dà pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Òfin kan náà ló wà fún òbúkọ tàbí akọ màlúù tí a yá.

Obìnrin tó lóyún kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí ẹran, kò sì gbọ́dọ̀ gbá ibi tí ẹran bímọ sí tàbí fọ aṣọ ẹni tó ṣe é, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí a dárúkọ lókè yìí ń wá oyún ènìyàn náà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan oyún tó wálẹ̀, tí ibà, orí fífọ́ tàbí ikọ́ sì mú un láàárín oṣù kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó fọwọ́ kàn án àti irú ẹran tí ó jẹ́.